Ọ̀kẹ́rẹ́ Di Ẹwìrì Mú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ kò jẹun ni? Mo ní, ààlọ́ o!

ÀÀLỌ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àkàngbé, ìwọ nìkan ni ìdí rẹ kò balẹ̀. O dìde, o jókòó, o tún dìde. Láti ìgbà tí o ti parí ìwé girama ni ilé yìí kò ti sinmi. Lánàá, dókítà lo fẹ́ ṣe. Láàárọ̀ yìí, o ní awakọ̀ òfuurufú ni. Nísinsìnyí tí oòrùn wọ̀, mo tún gbọ́ tí o ń sọ fún Àwẹ̀ró pé lọ́yà ni, nítorí pé o rí ọ̀kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú. Bàbá rẹ ní kí o mú ọ̀kan, o ní o ti mú u. Ilẹ̀ mọ́, o ti sọ ọ́ nù. Ó ń bí mi nínú, n kò ní purọ́. Jókòó síbí, lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Tìtorí tìrẹ ni mo ṣe yọ àlọ́ yìí síta.

Àlọ́ mi fò pọ́ún láti orí ẹ̀ka, ó sáré gba etí ògiri, ó bà lé orí Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ opó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan.

Ní ìlú àwọn ẹranko láyé ìgbà náà, wọ́n ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun tán, gbogbo ọmọ tó ti tó iṣẹ́ í ṣe yóò péjọ sábẹ́ igi odán. Àwọn oníṣẹ́ yóò to irin iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ yóò bọ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú yóò sì di èyí tó wù ú mú. Ọjọ́ Ìdìmú ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti di irin iṣẹ́ mú lójú gbogbo ìlú, tirẹ̀ nìyẹn títí ọ̀gá yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀. Kò sí pé mo ṣì í mú, kò sí pé n kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ìlú náà kì í ṣe òǹrorò. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di Ìdìmú, ọmọ yòówù lè lọ jókòó ti oníṣẹ́ tó bá wù ú, kí ó máa wò ó. Kò sí oníṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ lé e. Ìjókòótì ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Kí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ fi àkókò ìjókòótì tirẹ̀ ṣe? Ó lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ, kò tíì gbóná níbẹ̀ tó fi dìde, fìrí! Ó lọ sọ́dọ̀ amọ̀kòkò, ó ní amọ̀ ń rùn, fìrí! Ó lọ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ní eruku igi wọ òun lójú, fìrí! Ìyá rẹ̀ ní, "Lọ sọ́dọ̀ àwọn akọpẹ. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ ṣe nìyẹn, ara rẹ sì fúyẹ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yínmú. "Màmá, aṣọ akọpẹ kì í mọ́. Ta ní í kí akọpẹ lójú ọ̀nà? Iṣẹ́ tí àwọn èèyàn yóò torí rẹ̀ máa yẹ̀ fún mi lọ́nà ni mo fẹ́."

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń yẹ̀ fún lọ́nà? Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹfọ̀n ni alágbẹ̀dẹ ìlú náà. Bí ọdún bá dé, tí òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ń bọ̀, gbogbo ìlú á ya sí méjì. "Ẹ kú iṣẹ́ irin o! Bí kò bá sí ẹ̀yin, kí la ò bá fi roko?" Ọ̀kẹ́rẹ́ rí wọn lọ́jọ́ ọdún, orí rẹ̀ wú. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọjọ́ ọdún ló rí wọn. Kò dé ilé arọ, níbi tí wọ́n ti ń rọ irin, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún rí.

Ẹni tó ń tẹ̀ lé Ẹfọ̀n lẹ́yìn lọ́jọ́ náà ni Òkété. Òkété ló ń fín ẹwìrì. Àwẹ̀ró, o kò mọ ẹwìrì? Awọ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó ní igi méjì lókè. Wọ́n ń fà á sókè, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ iná tí irin wà nínú rẹ̀. Bí ẹwìrì bá dákẹ́, iná á kú. Bí iná bá kú, irin á bàjẹ́. Nítorí náà ni òfin ẹwìrì fi le ju ti gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ: ẹni tó ń fín in kò lè kúrò níbẹ̀, àfi bí ẹlòmíràn bá di ọwọ́ ẹwìrì náà mú lọ́jọ́ Ìdìmú.

Iṣẹ́ náà sì ti sú Òkété pátápátá. Ọ̀kánjúwà ló gbé e débẹ̀. Ó gbóòórùn iṣu tí wọ́n ń sun nínú ẹyín iná ilé arọ, ó sáré lọ di ẹwìrì mú. Ẹni tó fẹ́ràn inú ilẹ̀ tútù, tó fẹ́ràn òkùnkùn, òun ló wá jókòó ti iná láti àárọ̀ dalẹ́. Ojú ń ta á, irun ń jó o. Ó wá ń wá ẹni tí yóò kó ẹrù rẹ̀ lé lórí. Ó rí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó lanu sílẹ̀ tó ń wò wọ́n. Inú Òkété dùn ṣìnkìn.

Ìdìmú ku ọ̀la ni Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ bá a. Àyà rẹ̀ ń já. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti mọ ohun tí wọn yóò dì mú, òun nìkan ni kò mọ̀. Orin ló fi bi Òkété, orin ni Òkété fi dá a lóhùn. Ègbè yín ni "Wìrì, fínná, wìrì". Ẹ gbé e sókè dáadáa:

Òkété ẹ̀gbọ́n mi, mo wá bèèrè o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Ṣé ẹ ń jẹ, ṣé ẹ ń yó nílé arọ?
*Wìrì, fínná, wìrì*
Iṣu sísun kì í tán ńbẹ̀ o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Ṣé ẹ ń rìn, ṣé ẹ ń rẹrù nílé arọ?
*Wìrì, fínná, wìrì*
Orí ìjókòó la wà o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Ṣé òjò ń pa yín, ṣé òtútù ń mú yín?
*Wìrì, fínná, wìrì*
Òtútù ò mọ̀nà ibẹ̀ o
*Wìrì, fínná, wìrì*

Ẹ̀yin ọmọ, èwo ni irọ́ níbẹ̀?

"Kò sí, Ìyá Àgbà!"

Kò sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò wá sí ohun tó nira níbẹ̀ ni?"

Òkété fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Àbúrò mi, ṣé o rí mi kí n rù ni?"

Ìbéèrè ló fi dáhùn ìbéèrè. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò fura. Ó fò, ó tàkìtì, ó sáré délé. "Màmá, mo ti rí iṣẹ́! Ẹwìrì ni!"

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀fọ́ tó ń já. "Ẹwìrì? Ìwọ tí o kò lè jókòó jẹun tán? Ta lo bi?"

"Òkété ni. Ó mọ̀ ọ́n, ó ti pẹ́ níbẹ̀."

"Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá bí yóò ṣe sá kúrò lọ́nà náà lo lọ bi. Ọmọ mi, ìbéèrè ẹnu ọ̀tọ̀, ìjókòó ìdí ọ̀tọ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀. Lọ sí ilé arọ nísinsìnyí, jókòó díẹ̀, kí o fojú ara rẹ rí i."

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ! Ó ti rẹ̀ mí. Mo ti mú un, mo ti mú un náà nìyẹn."

Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni pé ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Àkàngbé, ṣé o ń gbọ́? Àìbalẹ̀ ọkàn kan wà tó jẹ́ pé ohun yòówù tó bá kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ lèèyàn ń kó sí.

Ilẹ̀ mọ́. Ìlú pé. Wọ́n pe Ọ̀kẹ́rẹ́. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó fò gba orí òwú, ó fò gba orí ìkòkò, ó fò gba orí igbà tí àwọn akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹwìrì mú. Gbàmù! Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí Òkété fi já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Yéè! Mo bọ́ o! Mo bọ́!" Ó sá lọ, kò tilẹ̀ sọ pé ó dàbọ̀. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ó wọ ilé arọ lọ́jọ́ kejì. Ẹfọ̀n ní, "Jókòó. Fínná!" Ọ̀kẹ́rẹ́ fín in. Sókè, sísàlẹ̀. Sókè, sísàlẹ̀. Ó fẹ́ dìde na ẹsẹ̀. "Fínná!" Ó fẹ́ yọjú wo ẹni tó ń kọjá. "Fínná!" Ooru bò ó, òógùn ń kán tó, tó, tó. Ẹ̀ta iná fò, ó bà lé ìrù rẹ̀ tó rí hùkẹ̀hùkẹ̀, fùú! Iṣu sísun wà lóòótọ́. Ta ló ráyè jẹ ẹ́? Ìjókòó ni lóòótọ́. Ìdí rẹ̀ di egbò. Òtútù kò mọ̀nà ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ ìbá fi gbogbo ohun tó ní ra ìwọ̀nba òtútù díẹ̀.

Ọ̀pẹ kan wà níwájú ilé arọ náà. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Á rí akọpẹ tó ń gùn ún lọ sókè, á rí i tí atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ rẹ̀, á rí ẹyìn pípọ́n tó ń já bọ́. Ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ó ń gun igi lójú oorun.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ mú ọkọ́ rẹ̀ wá kí Ẹfọ̀n bá a tún un rọ. Àkókò àgbàdo ti dé, ọkọ́ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ. Ẹfọ̀n ki ọkọ́ bọ iná. Irin pọ́n bí ata. Ìgbà náà ni odindi ìdì ẹyìn já bọ́ níta, gbòlà! Ọ̀kẹ́rẹ́ gbàgbé ara rẹ̀, ó yíjú, ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́. Iná rẹ̀ sílẹ̀. Ẹfọ̀n kò mọ̀, ó gbé owú tó fi ń lu irin, ó lù ú. Ká! Ọkọ́ là sí méjì.

Ẹfọ̀n bú ramúramù, gbogbo ògiri mì. Ìyẹn kọ́ ló dun Ọ̀kẹ́rẹ́. Ohun tó dùn ún ni pé nígbà tí ìyá rẹ̀ padà wá, tó rí ọkọ́ náà, kò bínú. Ó kàn wo ìrù rẹ̀ tó ti jó, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó fi ọwọ́ lásán lọ sóko. Ẹfọ̀n gbé ọkọ́ tó là kọ́ ara ògiri, níwájú Ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an, kí ó lè máa rí i.

Òjò lọ, iṣu ta, Ìdìmú tún kù dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbàdúrà pé kí ẹnì kan wá. Ta ló wá? Ẹmọ́ kékeré, ọmọ aládùúgbò wọn, tí àyà òun náà ń já. "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ ohun tí màá dì mú. Wọ́n ní iṣẹ́ yín dára."

Háà! Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ orin. Bí ọmọ yìí bá di ẹwìrì mú lọ́la, òun bọ́. Kò ní láti purọ́, kí ó sáà ti kọ orin Òkété. Ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀:

Iṣu sísun kì í tán ńbẹ̀ o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Orí ìjókòó la wà o
*Wìrì, fínná, wìrì*

Ojú Ẹmọ́ ti ń tàn. Ó kù kí Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ ìlà kẹta. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára ọkọ́ ìyá rẹ̀ lára ògiri. Ó dá orin dúró. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó tún orin náà gbà, ó kọ ọ́ délẹ̀:

Iṣu ń bẹ, n kò ráyè jẹ ẹ́ o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Ìjókòó ni, ìdí mi ti bó o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Iná jó ìrù mi, ooru ń pa mí o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Ọkọ́ ń bẹ tí a rọ tó dára o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Ìlú ń jẹun lára iṣẹ́ yìí o
*Wìrì, fínná, wìrì*
Ẹmọ́, jókòó kí o tó dì í mú o
*Wìrì, fínná, wìrì*

Ẹmọ́ jókòó. Kò pẹ́ tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ̀bẹ̀. Kò pẹ́ sí i tó fi dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun o, èmi kò lè ṣe é," ó sì sá lọ. Gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà ló ń sọ fún: "Ooru ń bẹ ńbẹ̀ o! Ìjókòó àtàárọ̀ dalẹ́ ni o! Sókè, sísàlẹ̀ ni o!"

Ẹfọ̀n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìwọ ni o ń lé ọmọ iṣẹ́ fún mi? Ó dára. Bí kò bá sí ẹni tó di ẹwìrì mú lọ́la, ìwọ náà ni. Ọdún tó ń bọ̀, ìwọ náà ni. Ibẹ̀ ni wàá hewú sí!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ sunkún títí. Ta ni kò ní í sunkún?

Ilẹ̀ ọjọ́ Ìdìmú mọ́. Wọ́n gbé ẹwìrì wá sábẹ́ odán, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì dì í mú níbẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ kọjá lára rẹ̀. Èkejì kọjá. Ẹmọ́ wo ilẹ̀, òun náà kọjá, ó lọ bá amọ̀kòkò tó ti jókòó tì láti àná. Àwọn ọmọ ń tán lọ. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹrí ba. Òkété náà wà láwùjọ, ó ń fẹnu ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀."

Ohùn kan bá ti ara ògiri kan lẹ́bàá odán wá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

Alángbá ni. Ó rìn wá sí iwájú Ẹmọ́. "Ìwọ lo sọ pé ooru ń bẹ ńbẹ̀?"

"Ó ń bẹ gan-an!"

"Pé ojú kan lèèyàn ń jókòó sí? Pé sókè, sísàlẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Alángbá yíjú sí ìlú. "Ẹ̀yin èèyàn mi, òtútù ló ń pa èmi láyé mi. Bí oòrùn bá wọ̀, ara mi á le bí igi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ẹmọ́ lánàá ni mo ti lọ lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé arọ. Mo rí iná, mo rí òógùn, mo gbọ́ ariwo Ẹfọ̀n. Mo ṣì fẹ́ ẹ. N kò mọ̀ pé irú ibi tó gbóná dáadáa bẹ́ẹ̀ wà láyé!" Ó sì di ẹwìrì mú, gbàmù!

Ọ̀kẹ́rẹ́ já ọwọ́ sílẹ̀. Kò fò, kò pariwo. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Alángbá.

Nígbà tí Ẹfọ̀n gbọ́ pé orin Òkété ló gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ débẹ̀, ó kọjú sí Òkété. "Ìwọ lo fi irọ́ ti ọmọ ọlọ́mọ sínú iná mi!"

Òkété fọwọ́ sọ̀yà. "Irọ́ kẹ̀? Ẹ bi í! Èwo ni irọ́ nínú ohun tí mo sọ?"

Lóòótọ́, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ló dìde. "Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o sọ, Òkété. Ibi tí o dákẹ́ sí ni irọ́ wà."

Ariwo ta. Òkété rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí lé òun lórí, ó fi ọwọ́ walẹ̀, garagara, ó kó wọ inú ihò. Ẹfọ̀n bu eérú gbígbóná láti inú iná tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú ẹwìrì, ó dà á lé e. Gbogbo ara Òkété ti wọlé, ìdajì ìrù rẹ̀ ló kù síta. Ibi tí eérú bà di funfun. Ẹ wo ìrù òkété títí dòní: ìdajì dúdú, ìdajì funfun, bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Alángbá ńkọ́? Iná rẹ̀ kò kú rí. Ọkọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi iná rẹ̀ rọ, ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé e fún. Bí ẹ bá rí i lára ògiri gbígbóná, tó ń mi orí sókè, sísàlẹ̀, àwọn kan á ní ara rẹ̀ ló ń yìn. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹwìrì ló ń fín.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré lọ sídìí ọ̀pẹ. Ó kù díẹ̀ kí ó gùn ún, ó dúró. Ó wo òkè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní kí akọpẹ tó dàgbà jù níbẹ̀ dákun, kí ó sọ ohun tó burú nínú iṣẹ́ náà fún òun, kó má fi ìkan pa mọ́. Baba náà sọ ti ẹ̀gún, ó sọ ti agbọ́n, ó sọ ti bí bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe já bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò dìde. Ọjọ́ kejì ló tó fọwọ́ kan igi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá dé ìdí igi, á dúró ná, á wo ìhín, á wo ọ̀hún, kó tó gùn ún.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, n kò ní fi í pa mọ́: ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí iṣẹ́ tó burú, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn lè máà jẹ́ tìrẹ. Má wo iṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún rẹ̀ nìkan. Má bi ẹni tó fẹ́ fi ọ́ rọ́pò ara rẹ̀ nìkan. Lọ jókòó tì í kí o tó dì í mú. Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá sì bi ọ́, sọ ọ́ délẹ̀ fún un.

"Ìyá Àgbà."

Àkàngbé, kí ló dé? Láti ìgbà tí mo ti ń pa àlọ́, o kò dìde.

"Kóòtù tó wà ní Òkè-Agbe, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé?"

Wọn á jẹ́ kí o wọlé. Wọ aṣọ tó mọ́, jókòó sẹ́yìn, má sọ̀rọ̀. Bí o bá dé, wá sọ ohun tí o rí fún mi, kì í ṣe ti ẹ̀wù dúdú nìkan.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá fi ìdajì rẹ̀ pa mọ́ fún yín, kí ìrù hù nídìí mi, kí ó dúdú, kí ó funfun bíi ti Òkété. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ délẹ̀, kí gbogbo yín jókòó kí ẹ tó dìde, kí ohun tí ẹ bá dì mú má jó yín lọ́wọ́.

Àṣẹ!